Ta Ló Fọwọ́ Sí I? Àgbéyẹ̀wò Ìwé Àtijọ́ Lórí Ẹ̀rọ

Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tan Kindle, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kàwé, wọ́n wá ìwé tí wọ́n ti fowó rà, wọn kò rí i mọ́. 1984 àti Animal Farm ti George Orwell ni. Amazon ló gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó pa ìwé náà rẹ́, ó sì dá owó kálukú padà. MobileReference ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹ̀dà náà sórí àtẹ, kò sì ní àṣẹ láti tà á ní Amẹ́ríkà. Ọmọ iléèwé girama kan ti kọ àlàyé fún iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sínú 1984 tirẹ̀. Nígbà tí ìwé lọ, àlàyé di ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ló bá pẹjọ́. Jeff Bezos, ọ̀gá Amazon nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba, Amazon sì gbà láti san $150,000 kí ẹjọ́ náà lè tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyí. Orwell kú ní 1950. Lábẹ́ òfin Canada àti Australia nígbà náà, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé: ẹni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́, kó sì tà á, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ náà kò tán títí di ìparí 2020. Ní Amẹ́ríkà, 1984 tó jáde ní 1949 kò ní bọ́ títí di ìparí 2044. Ìwé kan náà ni, gbólóhùn kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á ní Toronto kò jẹ̀bi, ẹni tó tà á ní New York jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè bóyá ẹ̀dà orí ẹ̀rọ kan bófin mu, tí kò sì sọ ilẹ̀ tí òun wà, kò tíì béèrè nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi ọjọ́ orí ìwé ṣe ẹ̀rí. Ìwé ti gbó, páálí rẹ̀ ti ya, ẹni tó kọ ọ́ ti kú, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí o. Ohun tó yẹ ká máa tọ pinpin ni ọwọ́ tí ìwé gbà kọjá kó tó dé orí fóònù wa: ta ló kọ ọ́, ta ló tẹ̀ ẹ́, ta ló jogún rẹ̀, kí ni wọ́n jọ kọ sínú ìwé àdéhùn, ta sì ni ẹni tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tí òfin kò bá tíì dá ìwé náà sílẹ̀, tí ọwọ́ kan sì já nínú àwọn ọwọ́ wọ̀nyí, ayédèrú ni, bó ti wù kí páálí iwájú rẹ̀ dán tó.

Ẹ wo Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. CMS Bookshop ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ Thomas Nelson. Lónìí, PDF ìwé bẹ́ẹ̀ ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sì gbà pé ogún ìran Yorùbá ni àwọn ń pín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ òfin kò mọ̀ ọ́n. Òfin Kọpiráìtì Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, kì í ka ọdún láti ìgbà tí ìwé jáde. Ikú òǹkọ̀wé ló fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò wá ka ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tí ó kú. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá 1963. Ìparí 2033 ni ẹ̀tọ́ náà yóò tán ní Nàìjíríà, àti ti Ògbójú Ọdẹ àti ti gbogbo ìwé mìíràn tó tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀.

Amẹ́ríkà kì í fi ikú ka tirẹ̀ fún ìwé ìgbà náà. Láti 1996 ni wọ́n ti dá ẹ̀tọ́ padà fún ìwé ilẹ̀ òkèèrè tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò, ọdún 95 ni wọ́n sì ń kà láti ọdún tí ìwé jáde. Ẹ fi 95 kún 1938, 2033 náà ni. Ṣèèṣì lásán ni ìṣirò méjèèjì fi pàdé. Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, ó di ìparí 2044 ní Amẹ́ríkà. Àdììtú Olódùmarè jáde ní 1961, ó di 2056. Ẹni tó bá gbé Igbó Olódùmarè sórí ẹ̀rọ ní Ìbàdàn ní 2034, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nílé, àmọ́ tó bá tà á fún ará Houston, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ti Amos Tutùọlá sì yí padà bìrí. The Palm-Wine Drinkard tí Faber tẹ̀ ní 1952 yóò bọ́ ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2047, ṣùgbọ́n nítorí pé 1997 ni Tutùọlá kú, ó di ìparí 2067 ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtúmọ̀ tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó pè é ní The Forest of a Thousand Daemons. Ọjọ́ tí Yorùbá Fágúnwà bá di ti gbogbo ayé, Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká kò ní bá a lọ. Àwọn tó ń kó ìwé jọ sórí ẹ̀rọ máa ń gbàgbé èyí púpọ̀: wọn á ṣírò ọdún òǹkọ̀wé, wọn á gbàgbé atúmọ̀, wọn á gbàgbé ẹni tó ya àwòrán inú ìwé, wọn á tún gbàgbé ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú olójú-ewé 40.

Ní òdìkejì ni The History of the Yorubas wà. Àlùfáà Samuel Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un kọ, òun náà sì kú ní 1920, ọdún kan kí ìwé tó jáde. Ẹni méjèèjì tó ṣe é kò fojú rí i. Ọdún tí wọ́n kú àti ọdún tí ìwé jáde, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣírò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti bọ́ ní Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí kò ní olówó, gbogbo ayé ló ń tà á. Ẹ wá orúkọ ìwé náà lórí Amazon, ẹ ó rí ẹ̀dà rẹpẹtẹ, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, páálí aláwọ̀ mèremère, àwòrán adé tí kò jọ adé Yorùbá kankan. Cambridge University Press tún un tẹ̀ ní 2010 nínú ọ̀wọ́ ìwé àtijọ́ wọn, àwòrán ojú-ewé ti àtijọ́ gan-an ni wọ́n sì lò. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan kò ṣe ju pé wọ́n gbé fáìlì ọ̀fẹ́ láti inú láíbìrì kan, wọ́n fi orúkọ tuntun lé e lórí. Èyí kì í ṣe olè lójú òfin. Síbẹ̀, òfin kò sọ pé ẹ̀dà náà pé. Àwọn tó ń ya ìwé fún láíbìrì kì í sábà tú máàpù tí wọ́n ká pọ̀ sẹ́yìn ìwé, ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán di lẹ́tà sì máa ń ka ọ bí q, kó ka ẹ bí e lásán, kó jẹ ṣ mọ́ s. Ní ìwé tí orúkọ ìlú àti orúkọ ọba kún inú rẹ̀ báyìí, ohun tó ṣẹ́ kù lè ṣini lọ́nà ju kéèyàn má kà á rárá. Amazon fúnra rẹ̀ ti ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ta irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì ti wà lórí àtẹ wọn, gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un: ìtúmọ̀ tuntun, àlàyé, tàbí àwòrán mẹ́wàá ó kéré tán. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí "Annotated" àti "Illustrated" lẹ́yìn orúkọ ìwé àtijọ́. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó. Àlàyé ọ̀hún lè má ju ojú-ewé kan lọ.

Àwọn ọmọ wa ní Brazil náà ní irú ìṣòro yìí. Ìwé Nina Rodrigues lórí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil ti bọ́ tipẹ́, nítorí 1906 ni ó kú. Ti Pierre Verger, tí àwọn olórìṣà ń pín PDF rẹ̀ káàkiri, kò tíì sún mọ́ ọn. Verger kú ní 1996, ọdún 70 ni Brazil náà ń kà, àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní Salvador sì wà níbẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àṣẹ mọ ibi tó yẹ kó kanlẹ̀kùn.

Ká ní ìwé ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ńkọ́, tí atẹ̀wé gidi tó lórúkọ sì gbé e sórí ẹ̀rọ? Ẹ lè rò pé ẹ̀rí ti pé. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ kan ní New York tó ń jẹ́ Rosetta Books bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé Kurt Vonnegut, William Styron àti Robert B. Parker lórí ẹ̀rọ. Random House, tó ti ń tẹ àwọn ìwé yẹn sórí bébà láti ọdún pípẹ́, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ ó rò pé Random House ló máa jàre. Rosetta ló jàre. Àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ni Rosetta lọ bá, wọ́n sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Adájọ́ Sidney Stein ka ìwé àdéhùn àtijọ́, ó rí i pé ẹ̀tọ́ láti tẹ iṣẹ́ náà "ní ìrísí ìwé" ni òǹkọ̀wé gbé fún atẹ̀wé, ó sì ní ìwé orí ẹ̀rọ kò sí lára rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò yí i padà ní 2002, àwọn méjèèjì sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún yẹn kan náà.

Ní 2014, ẹjọ́ tó fara jọ ọ́ wáyé lórí Julie of the Wolves, ìwé àwọn ọmọdé tí Jean Craighead George kọ. Ilé-iṣẹ́ Open Road gba àṣẹ orí ẹ̀rọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí Rosetta ti ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, HarperCollins tó ń tẹ ẹ̀dà bébà rẹ̀ ló jàre, nítorí ìwé àdéhùn wọn ti 1971 mẹ́nu kan kọ̀ǹpútà àti ọ̀nà abánáṣiṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá tún hùmọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹnì kan tó jókòó ní 1971, tí kò tíì fojú rí Kindle, ti fi gbólóhùn kan ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún Vonnegut.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé orúkọ ńlá atẹ̀wé kò tó ẹ̀rí, àìsí orúkọ ńlá kò sì túmọ̀ sí jìbìtì. Ẹ̀dà tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí wá lè jẹ́ èyí tí òǹkọ̀wé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí gan-an. Kí ẹnì kan má sì rò pé ti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn àtijọ́ yìí. Òfin kọpiráìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ló ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà títí di 1970, gbólóhùn kan sì wà nínú rẹ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò ìdílé máa ń yọ̀ mọ́: bí òǹkọ̀wé bá ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà yóò padà sọ́dọ̀ àwọn àrólé rẹ̀ ní ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni ìdílé Solomon Linda ní South Africa gùn lé nígbà tí wọ́n pe Disney lẹ́jọ́ ní 2004 lórí orin tí bàbá wọn kọ, Disney sì bá wọn yanjú rẹ̀ ní 2006. Àwọn ìdílé òǹkọ̀wé wa tí bàbá wọn fọwọ́ sí àdéhùn nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá gbé àdéhùn náà jáde nínú àpótí, kí wọ́n sì fi han lọ́yà tó mọ iṣẹ́.

Àwọn láíbìrì ńlá náà ti ní ìrírí tiwọn. Google bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé láíbìrì ní 2004. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amẹ́ríkà gbà pé fífi ẹ̀já ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ han ẹni tó ń wá nǹkan kò tẹ òfin lójú. Ti HathiTrust, ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún àyẹ̀wò. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó ti ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ipò tó wà, ibi tí ẹ ti ń kà á sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá ṣí ìwé kan sílẹ̀ pátá fún ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tì í mọ́ ẹni tó wà ní ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ti ṣe ìṣirò yín fún yín.

Àwọn yẹn náà ti kọsẹ̀ rí. Ní 2011, Yunifásítì Michigan to orúkọ àwọn ìwé kan tí wọ́n ní àwọn wá olówó rẹ̀ títí, àwọn kò rí i, wọ́n sì fẹ́ ṣí wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. The Lost Country tí J. R. Salamanca kọ ní 1958 wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Authors Guild kò wá a pẹ́ kí wọ́n tó rí i: ó ṣì wà láàyè, ó ní aṣojú, ìwé rẹ̀ sì ni wọ́n fi ṣe fíìmù tí Elvis Presley ṣe ní 1961. Yunifásítì náà yára ká ètò náà pa. Tí láíbìrì tó ní òṣìṣẹ́ àti owó bá lè pe ìwé alààyè ní ìwé aláìlóbìí, ẹ fojú inú wo ohun tí ẹnì kan tó jókòó ti fóònù rẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀.

Internet Archive ní San Francisco tún yàtọ̀. Wọ́n ní ìwé tó ti bọ́ lóòótọ́, èyí tẹ́nikẹ́ni lè gbà láìsí àníyàn. Wọ́n tún ń ya ìwé tó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́, wọ́n á máa yáni bí láíbìrì ṣe ń yáni. Ní 2020, nígbà kòrónà, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa yá a láìtò sórí ìlà. Àwọn atẹ̀wé mẹ́rin, Hachette ló ṣáájú wọn, fi ìwé 127 ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n pẹjọ́, wọ́n jàre ní 2023. Wọ́n tún jàre ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Nítorí náà, wíwà ìwé níbẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Irú àkójọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Inú mi kò dùn sí ìdájọ́ yẹn, kí n má purọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé lórí Áfíríkà tí wọn kò tẹ̀ mọ́ ló jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ẹni tó wà ní Adó-Èkìtì ti lè fojú kàn án.

Ó wá ku fáìlì tó wà níwájú yín gan-an. Ẹ ṣí i, kí ẹ lọ sí ojú-ewé tó wà lẹ́yìn àkọlé. Atẹ̀wé tó lẹ́tọ̀ọ́ máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, àdírẹ́sì, ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde, ọdún ẹ̀dà orí ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́. Tí ọdún 1950 nìkan bá wà níbẹ̀, tí ohunkóhun kò mẹ́nu kan ẹ̀dà orí ẹ̀rọ, ìwé bébà ni ẹnì kan yà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Tí "Scanned with CamScanner" bá wà níbẹ̀, tí àtàǹpàkò ẹni tó yà á sì yọ létí ìwé, ẹ kò nílò lọ́yà. Òǹtẹ̀ láíbìrì iléèwé kan tó hàn gbàǹgbà lójú-ewé àkọ́kọ́ tún ń sọ ibi tí wọ́n ti yá ìwé náà, kò sọ pé iléèwé náà fọwọ́ sí i.

ISBN máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Láti 2007, nọ́ńbà ISBN di oníka 13, 978 sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé. Nọ́ńbà tí wọ́n fún Nàìjíríà náà tún jẹ́ 978, nítorí náà ẹ ó rí 978-978 lára ìwé tó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ National Library of Nigeria. Nọ́ńbà yẹn ń ṣèrànwọ́ láti mọ ibi tí ìwé ti wá, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní atẹ̀wé lè gbà á, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìwé àdéhùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B0 lórí Amazon kì í tilẹ̀ ṣe ISBN rárá, àmì ọjà Amazon ni. Owó kò sì jẹ́ ẹ̀rí: ìwé ọ̀fẹ́ lè bófin mu, ìwé olówó ńlá lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí.

Àmì ohùn ńkọ́? Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìwé Yorùbá orí ẹ̀rọ tí kò lámì, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ àti ọ́ nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ní láti mú ẹ, kó wá gbé àmì lé e lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ni kò sì mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á fi àpótí kékeré òfìfo síbẹ̀. Atẹ̀wé tó ní gbogbo àṣẹ lè ṣe iṣẹ́ jákujàku, kí olè sì ṣe tirẹ̀ dáadáa.

Ohun tó kù ni ká béèrè. Ẹ lọ sí ojúlé atẹ̀wé tó tẹ ẹ̀dà bébà, kí ẹ wò ó bóyá àwọn fúnra wọn tọ́ka sí ẹ̀dà orí ẹ̀rọ náà. Tí wọn kò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ ìwé sí wọn. Òfin tuntun Nàìjíríà ti fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lágbára láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò, Nigerian Copyright Commission sì wà fún ẹjọ́ tó bá le. Ẹnu atẹ̀wé ni gbogbo èyí sì rọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn atẹ̀wé àgbà wa kì í sì í lanu. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Chicago, tó fẹ́ fi owó gidi ra ìwé tí bàbá rẹ̀ kà, kì í sábà rí ibi tí yóò san án sí. Dídákẹ́ yẹn kò sọ ayédèrú di ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń wá oníbàárà fún un.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni wọ́n lè fi yí i padà: ojú-ewé kan péré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọn yóò to gbogbo ìwé àtijọ́ ọwọ́ wọn sí. Orúkọ ìwé, ọdún tó jáde, ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ orí ẹ̀rọ báyìí, ibi tí a ti lè rà á. Èyí tí wọn kò bá tíì gbé jáde, kí wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: a kò tíì gbé e jáde, ẹ̀dà yòówù tí ẹ bá rí kì í ṣe tiwa.